Ọyẹ́ àti èéfín nílẹ̀ Kétu

Láti oṣù Ọ̀pẹ títí di Èrèlè, ọyẹ́ a máa gbé eruku láti ilẹ̀ gbígbẹ Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Tchad, wá sí ilẹ̀ Kétu. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ nìkan kọ́: àwọn àgbẹ̀ ń sun igbó, alùpùpù sì ń tú yẹ̀pẹ̀ pupa sókè sára àwọn tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà.

Eruku tí ojú ń rí kọ́ ló burú jù. Èyí tí kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú 20 irun orí ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, èéfín igi ìdáná sì kún fún un. Nígbà tí òjò bá dé, eruku a rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n igi a tutù, ìyá a gbé ààrò wọlé, èéfín a sì pọ̀ sí i lójú rẹ̀ àti lójú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.