Ọwọ́ Òsì Ni Àkọ́díọ̀nù Ti Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí olórin bá ń tẹ àkọ́díọ̀nù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo ojú máa ń wò, torí pé ibẹ̀ ni ohùn orin ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e kọ́ àyà nígbà àkọ́kọ́ yóò tètè mọ̀ pé apá òsì ni iṣẹ́ wà. Bọ́tìnnì 120 ló wà níbẹ̀ lára àkọ́díọ̀nù ńlá, wọ́n jọra, ojú ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n kò sì tó wọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rò pé àdììtú ni. Kì í ṣe àdììtú rárá. Ètò ni, ẹni tó bá mọ bí ètò náà ṣe dé kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1829, ní ìlú Vienna, Cyrill Demian, ọmọ ìran Armenia kan tó ń ṣe ohun èlò orin, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Karl àti Guido, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí àkọ́díọ̀nù. Kékeré ni ti ìgbà náà. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń tẹ ohùn. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni kó máa fa ẹwìrì, kó sì máa tì í. Ohun tí Demian fi yangàn ni pé bí ìka kan bá tẹ ojú kan, odidi kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan pa pọ̀, ni yóò dún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọwọ́ ọ̀tún tó wá gba orin.

Orílẹ̀-èdè Ítálì ni ọwọ́ òsì ti wá rí ètò tó ń lò lónìí. Mariano Dallapé dá ilé iṣẹ́ àkọ́díọ̀nù sílẹ̀ ní ìlú Stradella ní ọdún 1876, ìlú náà sì di ojúkò iṣẹ́ yìí. Orúkọ Stradella ni ètò bọ́tìnnì náà ń jẹ́ títí di òní.

Ìlà mẹ́fà ni ètò náà, bọ́tìnnì 20 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà méjì tó sún mọ́ ẹwìrì jù ń dún ní ohùn béèsì lásán. Mẹ́rin yòókù ń dún ní kọ́ọ̀dù: major, minor, seventh àti diminished. Ohùn 12 péré ni gbogbo wọn ń pín lò. Nínú àpótí, àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí a bá tẹ kọ́ọ̀dù kan.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ní í ṣàjèjì sí ẹni tó ti kọ́ sol-fa nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi bọ́tìnnì C lórí ìlà kejì láti ẹwìrì ṣe do: G, tí í ṣe so, ló wà lókè rẹ̀ lápá àgbọ̀n, F, tí í ṣe fa, ló wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá gbé do lọ sórí D, so rẹ̀ ṣì wà lókè, fa rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Àìmọye orin ni kọ́ọ̀dù do, fa àti so tó gbé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó nílò láti há bọ́tìnnì 120 sórí.

Àwa náà mọ adùn ohun èlò yìí. Olórin I.K. Dairo ló mú un wọ inú orin jùjú, òun àti ẹgbẹ́ Blue Spots rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó wá C. Wọ́n máa ń dá ihò kékeré sójú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi òkúta dídán sí i, kí ìka lè dá a mọ̀. Kó fi ìka tó tẹ̀ lé ọmọńdinrín tẹ béèsì, kó fi ìka àárín tẹ kọ́ọ̀dù major tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: béèsì, kọ́ọ̀dù, béèsì, kọ́ọ̀dù. Kó tètè máa gbé ìka kúrò, kí ohùn má bàa wọ́. Kó má bẹ̀rẹ̀ wò ó, nítorí ojú kọ́ ni wọ́n ṣe ètò yìí fún. Bí ìka bá ti lè lọ sórí G, kó padà, kó lọ sórí F, kó sì tún padà láìṣìnà, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti lè gbe orin lẹ́sẹ̀ fún odidi ìjọ.