Fífi Ilé Dógò Láti Ra Òmíràn

Nígbà ìsinmi tó kọjá, bàbá mi ní Kano na ìwé kan sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ń kàwé, bá mi wò ó." Wọ́n fẹ́ fi ilé tí a ń gbé dógò ní báǹkì, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra ilé mìíràn tí ayálégbé yóò máa gbé. Àbúrò wọn tó wà ní London ló dá ìmọ̀ràn náà. Àwọn ti ṣe é, ó sì yọrí sí rere.

Ètò náà kò le. Bí ilé rẹ bá tó 20 mílíọ̀nù náírà, tí gbèsè orí rẹ̀ jẹ́ 5 mílíọ̀nù, 15 mílíọ̀nù tó kù ni tìrẹ gan-an. Èyí ni báǹkì ń wò kí ó tó yá ọ lówó. Owó ilé tí ayálégbé bá san ni o ó máa fi san gbèsè tuntun náà.

Ní London, èlé báǹkì àgbà wọn kò ju 0.5% lọ láti 2009 títí di 2016. Owó ilé lè gbé e. Nígbà tó di 5.25% ní oṣù Kẹjọ 2023, ojú ọ̀pọ̀ onílé rí màbo. Tiwa ńkọ́? Ní oṣù Kọkànlá 2024, CBN gbé e dé 27.5%, àwọn báǹkì a sì tún máa lé tiwọn lé e. Ẹni tó bá yá 10 mílíọ̀nù ní 30% yóò san èlé 3 mílíọ̀nù lọ́dún kan, kò sì tíì fọwọ́ kan ojú owó. Ilé 10 mílíọ̀nù wo ni ayálégbé yóò san 3 mílíọ̀nù lé lórí lọ́dún? (Àwa tí à ń bá onílé fa owó yàrá kan mọ ìdáhùn.) Bí owó bá sì wọ́n, ilé àkọ́kọ́ ni báǹkì yóò tà ní gbàǹjo.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 kò gbà kí a fi ilé ìgboro dógò láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé ìdógò tí kò ní in.

Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró jù ni pé bàbá bàbá mi, tó ti Ọ̀fà wá, ló kọ́ ilé náà. Wọn kò kọ ìwé ìhágún. Ilé ẹbí ni. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, títí kan ẹni tó wà ní London.

Mo sọ èyí fún bàbá mi. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọn kò tíì fọwọ́ sí i, wọn kò sì tíì dá a padà.