Ṣé kí n fi owó àjọ mi ra iPhone 15 Pro Max?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú BRT, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi etí kan gbọ́ ọ̀gá yín tẹ́ ẹ fi èkejì gbọ́ wa, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin tí dátà yín ò sì lè gbé ohùn, ohun tí mo sọ nìyí, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Olùgbọ́ wa kan ní Ìbàdàn ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Àdìrẹ ló ń tà lórí Instagram. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ya fọ́tò ọjà rẹ̀, òun náà ló ń ṣe fídíò. Ó ní oṣù yìí ni àjọ kan òun, owó náà sì tó ra iPhone 15 Pro Max tòkunbọ̀ kan geerege, àmọ́ kò ní ṣẹ́ kù. Ó wá ń béèrè pé ṣé kóun rà á.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ pé "Rà á!" kí n sì máa bá tèmi lọ. Mo tún rò ó pé owó àjọ kì í ṣe owó tí èèyàn rí he. Ọdún kan gbáko lèèyàn fi ń dá a. Torí náà, ẹ jẹ́ ká jókòó ti fóònù yìí dáadáa, ká wo ibi tó dára sí, ká sì wo ibi tó kù sí, pàápàá fún àwa tí à ń lò ó níhìn-ín.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Apple kéde rẹ̀, ó sì bọ́ sọ́jà ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà. Dọ́là 1,199 ni iye èyí tó kéré jù nígbà tó jáde, ìyẹn èyí tó ní àyè 256GB. Titanium ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ yíká, ìyẹn sì jẹ́ kó fúyẹ́ sí i. Gíráàmù 240 ni 14 Pro Max tó ṣáájú rẹ̀, gíráàmù 221 ni eléyìí. Ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.7, ṣíìpù A17 Pro ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Kámẹ́rà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá wọn jẹ́ 48 megapixel. Èkejì wà fún ibi tó fẹ̀, bíi kéèyàn fẹ́ ya gbogbo gbọ̀ngán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta máa ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ wa ní ìlọ́po márùn-ún. Ọdún yẹn náà ni Apple pa ojú ihò Lightning tì lára iPhone, tí wọ́n gba USB-C, ìyẹn irú èyí tó wà lára àwọn Android.

Oṣù méje tí mi ò fi lè fi pe ẹnikẹ́ni

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti fóònù yìí ṣe pàdé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Houston ló fi ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ọdún Kérésì ló sì bá mi gbé e wá. Inú mi dùn, mo mú píìnì, mo fẹ́ ṣí ibi tí wọ́n ń ki SIM bọ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò sí ihò kankan.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé láti orí iPhone 14, àwọn iPhone tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò SIM mọ́. eSIM nìkan ni wọ́n ń gbà, ìyẹn SIM tí kì í ṣe ohun tá a lè fọwọ́ mú. Èyí tí wọ́n ń tà ní UK ṣì ní ihò SIM kan, ó sì tún ń gba eSIM.

Mo ní kò burú, MTN àti Airtel ń ṣe eSIM ní Nàìjíríà. Mo lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ṣe é fún mi, fóònù ní òun kò gba SIM yẹn. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ẹ̀gbọ́n mi ń san owó fóònù náà díẹ̀díẹ̀ fún ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti tì í pa mọ́ ara nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn. Títí gbèsè yẹn yóò fi tán, kò sí SIM Nàìjíríà tó máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Oṣù méje ni mo fi lò ó láì ní SIM. Fóònù mi àtijọ́ ni mo fi ń pe èèyàn, iPhone sì di kámẹ́rà lásán. Àmọ́ àárín oṣù méje yẹn ni mo mọ ohun tí owó ẹ̀gbọ́n mi rà gan-an. Fídíò ni mo ń ṣe jẹun. Kámẹ́rà yẹn nìkan ló kù nínú fóònù náà fún mi, òun náà ló sì ń mú owó wọlé.

Ibi tó dára sí

Ẹ fojú inú wo òde ìgbéyàwó kan. Àwọn ìyá ìyàwó ti dúró yí ọmọ wọn ká, wọ́n ń ṣàdúrà, o kò sì lè lọ ki kámẹ́rà bọ àárín wọn. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po márùn-ún yìí, màá dúró lẹ́bàá ògiri, màá sì rí omijé lójú ìyàwó kedere. Nínú àwọn iPhone 15, Pro Max nìkan ló ní i. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń ràn gan-an, mo ṣì máa ń rí ohun tí mò ń yà lójú rẹ̀.

Èkejì ni ihò USB-C yẹn. Mo lè ki ẹ̀rọ ìtọ́jú fídíò bọ̀ ọ́, kí fídíò tí mò ń yà máa wọ inú rẹ̀ tààrà dípò kó kún inú fóònù. Fún ẹni tó ń ṣe fídíò tó lọ́ọ̀rìn, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí irú fídíò tí wọ́n ń pè ní ProRes máa ń jẹ bíi 6GB láàárín ìṣẹ́jú kan péré bó bá jẹ́ 4K. Ẹ fi ìyẹn pín 256GB, kò lè gba ìṣẹ́jú 45.

Apple fúnra wọn fi fóònù yìí ya ètò tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, níbi tí wọ́n ti kéde àwọn kọ̀ǹpútà Mac tuntun. Òótọ́ ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ rántí pé wọ́n tan iná ńláńlá sí ibẹ̀, wọ́n gbé fóònù náà sórí irin iṣẹ́ olówó gọbọi, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló sì wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe fóònù nìkan ló ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni pé ó máa ń pẹ́. iPhone XS tó jáde lọ́dún 2018 ṣì gba iOS 18 lọ́dún 2024. 15 Pro àti Pro Max nìkan ló sì lè lo Apple Intelligence nínú àwọn tó jáde lọ́dún 2023. Ẹni tó bá rà á lónìí ṣì máa lò ó fún ọdún mélòó kan kó tó di pé áàpù báńkì ní òun kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.

Ibi tó kù sí

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé a máa sanwó fún àwọn nǹkan kan tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Fóònù yìí lè fi sátẹ́láìtì pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí. Iṣẹ́ yẹn kò sí ní Nàìjíríà. Ó lè sanwó fún ọjà nípa Apple Pay. Ìyẹn náà kò sí níbí. Siri kò gbọ́ Yorùbá, Apple Intelligence kò sì gbọ́ ọ. Apple kò ní ṣọ́ọ̀bù tara wọn kankan ní Nàìjíríà, àwọn tó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn ló ń tà á. Bó bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ wa máa forí lé Computer Village ní Ìkẹjà ni, a ó sì máa gbàdúrà.

Ṣájà kò sí nínú páálí rẹ̀, wáyà nìkan ni. Bó o bá ra ìdin ṣájà ojú títì, o fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ara rẹ nìyẹn. Kò sí àyè mẹ́mọ́rì káàdì náà. 256GB tó o bá rà, òun lo ó máa bá yí.

Ooru ńkọ́? Nígbà tó jáde, àwọn èèyàn pariwo pé ó ń gbóná jù. Apple gbà pé àṣìṣe wà nínú iOS 17 àti nínú àwọn áàpù kan, wọ́n sì fi iOS 17.0.3 tún un ṣe lóṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ìyẹn ti kọjá. Àmọ́ ooru tiwa kò lọ síbì kankan. Bí mo bá ń ya fídíò nínú oòrùn, ojú fóònù máa ń rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ láti tutù. Bí mo bá fi sórí ṣájà nínú yàrá tí kò sí fáànù, ó lè dá gbígba iná dúró títí ara rẹ̀ á fi rọ̀.

Bó bá tún jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ ronú lé eSIM yẹn dáadáa. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú, kí ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe? À ń yọ SIM, à ń kì í bọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ká lè gba kóòdù báńkì, kí oníbàárà sì lè rí wa pè. Èyí tó jẹ́ eSIM nìkan kò ṣe é yọ bẹ́ẹ̀. Bí fóònù bá kú, nọ́ńbà rẹ kú pẹ̀lú rẹ̀ títí iná á fi dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó

Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, dọ́là 1,199 yẹn jẹ́ 1,798,500 náírà, láì tíì ka owó ẹrù àti èrè olùtajà mọ́ ọn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba buwọ́ lù lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ ju oṣù 25 lọ láì jẹ, láì wọ ọkọ̀, kó tó lè ra ẹyọ kan.

Ẹ wá wo iPhone 15 lásán tí wọ́n jọ jáde. Dọ́là 799 ni nígbà tó jáde. Kámẹ́rà ọ̀gá tiẹ̀ náà jẹ́ 48 megapixel, ó sì ní USB-C. Ohun tí kò ní ni lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan súnmọ́, titanium, ProRes, Apple Intelligence, àti ojú tó ń yọ̀ geere bíi ti Pro. Dọ́là 400 ló wà láàárín wọn nígbà yẹn, ìyẹn 600,000 náírà. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ nìyẹn: ṣé àwọn nǹkan wọ̀nyí máa pa 600,000 náírà fún mi?

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà

Má sanwó kó o tó yẹ nǹkan márùn-ún wò, níṣojú ẹni tó ń tà á.

Àkọ́kọ́, wo ara rẹ̀ bóyá ihò SIM wà. Bí kò bá sí, ti Amẹ́ríkà ni, kó o sì rí i pé o fẹ́ eSIM lóòótọ́.

Èkejì, lọ sí Settings, General, About, wo ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí. "No SIM restrictions" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí ni, oṣù méje yẹn ì bá má ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nínú About kan náà, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú fóònù náà rí, ó máa hàn níbẹ̀. Bó o bá rí "Unknown Part", bi olùtajà léèrè.

Ẹ̀kẹrin, lọ sí Battery, kó o wo Battery Health. Lórí àwọn iPhone 15, wàá rí iye ìgbà tí bátìrì ti yípo. Apple ní wọ́n ṣe é kó lè ṣẹ́ ku ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìyípo 1,000.

Ìkarùn-ún, jẹ́ kó yọ Apple ID rẹ̀ kúrò, kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí fóònù náà bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun lójú rẹ. Bó bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù ẹlòmíì, gbé e fún un padà. Má gbọ́ àlàyé.

Ìdáhùn mi

Àbúrò mi ní Ìbàdàn, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èmi tí mò ń ya òde, tí mò ń ta fídíò, 15 Pro Max tọ́ sí iṣẹ́ mi, oṣù méje tí mo fi lò ó láì ní SIM sì jẹ́ kó dá mi lójú. Ìwọ ń ta àdìrẹ. Aṣọ rẹ wà níwájú rẹ, o lè sún mọ́ ọn. O kò nílò lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. Instagram náà máa fún fídíò rẹ pọ̀ kí oníbàárà tó rí i, ProRes kò ní dé ojú wọn.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ra iPhone 15 lásán tó ní ihò SIM. Nínú owó tó bá ṣẹ́ kù, màá ra ṣájà gidi, páwábáńkì kan, àti iná kékeré fún fọ́tò. Ìyókù á wọ inú aṣọ. Ojú aṣọ làwọn oníbàárà rẹ máa rí, wọn ò ní rí ẹ̀yìn fóònù.

Bó o bá sì rò ó títí tó o ṣì fẹ́ Pro Max nítorí pé ó wù ọ́, èyí kò burú, owó rẹ ni. Kàn má pè é ní owó òwò. Pè é ní fàájì, kó o sì dúró di ìgbà tí owó òwò bá ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́, ẹ sọ fún wa fóònù tẹ́ ẹ fi owó ńlá rà àti ohun tó ti pa wọlé fún yín. Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí bátìrì yín kú o. Ó dàbọ̀.