Ṣé O Mọ̀? Ìtàn Alápòótí, Láti Orí Atọ́ka Dé Orí Fóònù

Ṣé o mọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni ní Èkó tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ áàpù, àwọn ará Mushin àti Surulere ti ń ka ìtàn alápòótí, ìyẹn kọ́míìkì, tí gbogbo ẹni inú rẹ̀ ń fọ Yorùbá? Ọdún 1967 ni ìwé ìtàn náà, Atọ́ka, bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe àwòrán àfọwọ́yà. Òṣèré á dúró, á la ẹnu, wọ́n á yà á; lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá tẹ ọ̀rọ̀ sínú òbìrí funfun kan lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Eré tí àwọn ẹgbẹ́ tíátà ń gbé kiri ìlú náà ni, àfi pé o lè ká a, kí o kì í bọ àpò, kí o sì tún un kà lọ́la. West African Book Publishers ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ilé iṣẹ́ tó wà ní Industrial Avenue, ní Ìlúpéjú, tí òun àti Mushin jọ pààlà.

Jẹ́ ká tiẹ̀ sún sẹ́yìn sí i. Ṣé o mọ̀ pé Yaba ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn West African Pilot, ní Commercial Avenue? Nnamdi Azikiwe dá a sílẹ̀ ní 1937. Nígbà tó di 1944, Akinọlá Láṣẹ̀kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán ẹ̀fẹ̀ síbẹ̀. Lash ló ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ọwọ́ ọkùnrin yìí dun ìjọba amúnisìn ju gègé ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn lọ, torí ẹni tí kò mọ̀wé náà á wo àwòrán, á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì ti yé e.

Ṣé o mọ̀ pé orí ìwé ni Papa Ajasco ti kọ́kọ́ gbé, kó tó wọ tẹlifíṣọ̀n? Wálé Adénúgà, tó kàwé ní Yunifásítì Èkó ní Akọka, tó sì ń yàwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ló gbé ìwé náà, Ikebe Super, jáde ní 1976. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọdé fi ń wá a.

Kole the Menace ńkọ́? dele jegede ló ń yà á nínú Sunday Times, ọmọ kékeré kan tí etí rẹ̀ le ju òkúta lọ. Fi orúkọ Kole yẹn sọ́kàn, yóò tún yọjú.

Èyí tó wù mí jù lọ nìyí. Ṣé o mọ̀ pé àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ṣe akọni kan fún àwa ará Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1975? Powerman lorúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Bardon Press Features ló ṣe é, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì tí ayé kò tíì mọ̀ nígbà náà ni wọ́n sì pín iṣẹ́ yíyà rẹ̀ ṣe: Dave Gibbons àti Brian Bolland. Gibbons yìí ló wá yàwòrán Watchmen ní 1986. Bolland ló yàwòrán Batman: The Killing Joke ní 1988. Kí àwọn méjèèjì tó di ọ̀gá, owó àwa òǹkàwé Nàìjíríà ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Àmọ́ gbọ́ ibi tó ti dùn mí: wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán máa kọ nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, kí àwa má baà ṣìnà lójú ìwé. Àwa tí a ti ń ka Atọ́ka bọ̀ láti ọdún mẹ́jọ! Ta ló sọ fún wọn pé a kò mọ ibi tí ojú ń gbà?

Ẹ̀san kò gbowó. Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń gba ìrànlọ́wọ́ nọ́ńbà yẹn lónìí? Ilé iṣẹ́ ComiXology bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2007, ohun tó sì sọ wọ́n di olókìkí ni Guided View: o fọwọ́ kan gíláàsì fóònù, áàpù á gbé àpótí kìíní wá, ó kún ojú fóònù, o tún fọwọ́ kàn án, ó gbé ìkejì wá. Áàpù ló ń di ọwọ́ òǹkàwé mú láti àpótí dé àpótí. Amazon rà wọ́n ní 2014, nígbà tí 2023 sì ń parí lọ, wọ́n da áàpù náà pọ̀ mọ́ Kindle.

Ìdí tí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fi pọn dandan kò ṣòro láti rí. Wọ dáńfó láti Ojúẹlẹ́gba lọ sí Yaba, kí o wo ọmọ tó jókòó tì ọ́. Ojú ìwé odindi ló ṣí sórí fóònù rẹ̀, àpótí mẹ́jọ, lẹ́tà wọn rí wínníwínní. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ kó lè ka ọ̀rọ̀ inú òbìrí. Kó tó dé gbólóhùn kejì, táyà já sínú kòtò, àwòrán fò lọ, ẹsẹ̀ akọni ló kù lójú fóònù. Ó ń wá orí kiri títí kọ́ńdọ́ fi kígbe pé ta ló ń bọ́ sílẹ̀.

Àwọn ará Kòríà ló yanjú ọ̀ràn yẹn pátápátá. Ṣé o mọ̀ pé láti 2004 ni Naver ti gbé Webtoon kalẹ̀ níbẹ̀? Wọ́n pa ojú ìwé tì. Àpótí kan wà lókè, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ ṣáà ń fi àtàǹpàkò fà á sókè. Ọwọ́ kan péré ló ń fẹ́, ìyẹn ni pé ọwọ́ kejì ráyè di irin ìjókòó mú.

Ti Jàpáànì yàtọ̀: láti apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á bọ̀ wá sósì, bí o bá sì ṣí ìwé rẹ̀ bí a ṣe ń ṣí tiwa, ìparí lo máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ṣé o mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Shueisha ṣe áàpù Manga Plus ní 2019, ọ̀fẹ́ sì ni orí tuntun nínú rẹ̀? Bí aago méjìlá òru bá lù ní Tokyo tí ọjọ́ Ajé ń wọlé, tí orí tuntun sì ń jáde, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni ní Mushin. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá ń wojú aago nígbà tí ìpàdé ẹbí ọjọ́ Àìkú ń lọ lọ́wọ́, ó lè jẹ́ ìtàn One Piece ló ń dúró dè.

Ṣé o mọ̀ pé fáìlì ìtàn alápòótí, CBZ, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ síra wọn kò ní awo kankan nínú? Zip lásán ni, àpò tí wọ́n kó àwòrán sí tí wọ́n sì dì lẹ́nu. Yí CBZ ìparí orúkọ rẹ̀ sí zip, tú u, wàá bá àwọn ojú ìwé níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi fọ́tò. Ní ti dátà, ẹni tó bá gbọ́n a máa gbà á sórí fóònù lóru, nígbà tí dátà òru dín lówó, kó lè kà á lójú ọ̀nà láìtan íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Ó kan àwọn tiwa. Ṣé o mọ̀ pé ilé iṣẹ́ Comic Republic, tí Jídé Martin dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2013, kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé títà? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbé àwọn ìtàn wọn sí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí igba ni iye ìgbà tí àwọn èèyàn gba ìwé kan sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa di Oṣù Kejìlá 2015, ó ti di 25,000. Guardian Prime ni aṣáájú àwọn akọni wọn, aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun ló ń wọ̀, iṣẹ́ aṣọ ló sì ń ṣe lójúmọmọ. Àwọn tó ń dúró lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀ ka ìwé ìròyìn lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀ láìsan kọ́bọ̀ lè má mọ Jídé Martin, àmọ́ irú wọn gan-an ló fọkàn tẹ̀ nígbà tó ní kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ló ń fa ojú, ojú ló sì ń fa owó bọ̀ nígbà tó bá yá.

Ṣé o mọ̀ pé 2012 ni Ayọ̀délé Ẹlẹ́gbà bẹ̀rẹ̀ Lagos Comic Con, àpéjọ àwọn olólùfẹ́ ìtàn alápòótí?

Ṣé o mọ̀ pé Royè Okùpè, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, ní láti tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lórí Kickstarter ní 2015 kó tó tẹ E.X.O. jáde? Ìlú inú ìtàn náà ń jẹ́ Lagoon City, ojú ni ẹni tó bá mọ Èkó máa fi dá a mọ̀. Ní 2021, Dark Horse ní Amẹ́ríkà gba àwọn ìwé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Iyanu, ìtàn ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ní ilẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Yorubaland. Godwin Akpan ló yàwòrán rẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin 2025, ó ti di eré àwòrán lórí Cartoon Network.

Kole tí mo ní kí o fi sọ́kàn ti dé wàyí. Àwọn ará ilé iṣẹ́ Kugali, tí Tolú Olówófóyèkù, Zíkí Nelson àti Hamid Ibrahim ará Uganda jọ dá sílẹ̀, fọ́nnu fún BBC ní 2019 pé àwọn á lu Disney lálùbolẹ̀ ní Áfíríkà. Disney gbọ́, wọ́n sì pè wọ́n síṣẹ́. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni Iwájú, ní Oṣù Kejì 2024: Èkó ọjọ́ iwájú, ọmọbìnrin kan láti Island, Tọ́lá, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Mainland, ọmọ tó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kole lorúkọ rẹ̀. Mi ò rò pé wọ́n rántí ti Sunday Times, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Àmọ́ ṣé o ti kíyè sí nǹkan kan? Iyanu ń gbé ilẹ̀ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fọ̀ nínú ìwé. Gẹ̀ẹ́sì ni Guardian Prime náà ń fọ̀. Orúkọ Yorùbá, òrìṣà Yorùbá, fìlà Yorùbá, ọ̀rọ̀ inú òbìrí nìkan ni kò jẹ́ ti Yorùbá. Atọ́ka sì ti fi Yorùbá sínú òbìrí láti 1967 pẹ̀lú bébà àti yíǹkì.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wà ńbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣé o mọ̀ pé nínú ètò Unicode tí gbogbo fóònù ń lò, ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní? Ẹ̀rọ ní láti mú ẹ, kó wá gbé àmì lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa á gbé àmì náà sí èjìká lẹ́tà, tàbí kó sọ lẹ́tà di àpótí òfìfo. Lẹ́tà ńlá ni àwọn tó ń ṣe kọ́míìkì sì fẹ́ràn jù. Bí o bá fi àmì sórí Ẹ́ àti Ọ̀, á lọ kọlu ìlà òkè rẹ̀. Gbogbo èyí ní àtúnṣe: fọ́ǹtì tó pé, lẹ́tà kékeré, àti ààyè díẹ̀ láàárín ìlà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n.

Má sì gbára lé fóònù pé á bá ọ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwòrán ni ọ̀rọ̀ inú òbìrí jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ áàpù, o kò lè fi ìka yan án bí o ṣe ń yan ọ̀rọ̀ nínú WhatsApp. Ẹni tó ń yà á ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọnà ní YabaTech, ìwọ tó ń yàwòrán sórí fóònù nínú yàrá kan ní Ìdí-Àrábà, ya àpótí mẹ́fà péré, fi Yorùbá tó ní àmì sínú rẹ̀, kí o gbé e sórí áàpù tó bá wù ọ́. Ìwọ òǹkàwé náà, bí o bá rí i, sanwó bó bá jẹ́ ti owó. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, fi han ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú dáńfó.