Ṣé O Mọ̀? Èémí Rẹ Lábẹ́ Oògùn Òògbé

Ṣé o mọ̀ pé dókítà lè fún ọ lóògùn tí wàá fi máa tòògbé, síbẹ̀ tí wọ́n bá pè ọ́, wàá jẹ́? Bí àpẹẹrẹ, wọ́n á ti kámẹ́rà gba ọ̀fun rẹ wọ ikùn. Wọ́n á ní, "Yanu sí i díẹ̀." Wàá yà á. Tó bá yá, o lè má rántí ìkankan!

Midazolam wà lára àwọn oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ná: oògùn yìí kan náà lè dín mímí rẹ kù. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá máa ń mí bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì ọ́, kó máa ṣọ́ ọ.

O rí ẹ̀rọ tíńtín tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka yẹn? Takuo Aoyagi, ọmọ Japan, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1974. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń gba inú ìka kọjá: ọ̀kan pupa, èkejì ojú èèyàn ò lè rí i. Kò sí abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ò kán. Nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe pọ̀ tó á kàn yọ: 98, 97, 96!

Bí ọ́síjìn bá ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹ̀rọ náà ń wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kẹ̀yìn sí i pàápàá á gbọ́.

Ó tún kù o! Tí wọ́n bá ti ń fún ọ ní ọ́síjìn, mímí rẹ lè dáwọ́ dúró, kí nọ́ńbà yẹn ṣì dúró digbí fúngbà díẹ̀.

Capnograph ló ń yára tú àṣírí. Èémí tí o mí síta ló ń wọ̀n. O mí lẹ́ẹ̀kan, òkè kan yọ lójú ẹ̀rọ. O ò mí, ìlà tẹ́ pẹrẹsẹ!

Èyí tó kàn wá jù nìyí. Lọ́dún 2020, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nínú New England Journal of Medicine. Ẹ̀rọ ìka yìí ń fojú fo àìtó ọ́síjìn lára aláwọ̀ dúdú ní bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ìlọ́po mẹ́ta! Kò dáa rárá. Àfi kí àwọn tó ń ṣe é tètè tún un ṣe.

Ahọ́n rẹ náà lè ṣubú sẹ́yìn, kó dí ọ̀nà èémí. Wọ́n á fọwọ́ gbé àgbọ̀n rẹ síwájú, ọ̀nà á là. Ọwọ́ lásán!

Tí ọjọ́ tí wọ́n máa fún ọ lóògùn yìí bá pé, nu kútẹ́ẹ̀sì èékánná rẹ kúrò. Bí o bá ń hanrun lóru, sọ fún wọn. Wákàtí 6 ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn dúró lẹ́yìn oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́, 2 lẹ́yìn omi lásán, kí wọ́n tó fún un lóògùn náà. Jọ̀ọ́, má fi ẹ̀kọ tí o mu láàárọ̀ pa mọ́ fún wọn.