Ìrẹ̀ Tó Ń Sáré Gun Ògiri

Eré kan wà tó ń jẹ́ Ovo, tí ẹgbẹ́ Cirque du Soleil ti ilẹ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Montreal lọ́dún 2009. "Ẹyin" ni Ovo túmọ̀ sí lédè Potogí. Deborah Colker, obìnrin ará Bràsíìlì, ló darí rẹ̀. Eré tọmọdé tàgbà lè jọ wò ni, kòkòrò sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn èèrà á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á máa fẹsẹ̀ ju àgbàdo sókè. Aláǹtakùn á gun okùn tó dẹ̀. (Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì, ẹ má bínú: ẹsẹ̀ 8 ni tirẹ̀, 6 ni ti kòkòrò.) Níparí, àwọn ìrẹ̀ á sáré gun ògiri.

Àwa tá a ti ń wú ìrẹ̀ lóko Ìpòtì mọ bó ṣe ń ta. Báwo lèèyàn ṣe wá ń ṣe bíi tirẹ̀? Bí a bá sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga ìrẹ̀ di ìlọ́po 2, agbára iṣan rẹ̀ á di ìlọ́po 4, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ á di ìlọ́po 8. Ìdí nìyẹn tí agbára wa nìkan ò fi lè gbé wa fò bẹ́ẹ̀. Trampoline ni wọ́n ń lò, ìyẹn aṣọ líle tí sípíríńgì fà le. Tí òṣèré bá já lé e, á tẹ̀ wálẹ̀, á gba agbára ìjábọ́ náà, á sì fi jù ú padà sókè.

Ẹ má sọ pé idán òyìnbó nìyí o. Ní 1826, Aláàfin ní kí àwọn eléégún ṣeré fún Clapperton ní Ọ̀yọ́ Ilé. Wọ́n tàkìtì nínú àpò, wọ́n di ejò ńlá, wọ́n sì sín òyìnbó jẹ lójú òyìnbó. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ni òkìtì, ó ní ẹ̀kọ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn kan nínú wa tó ń tàkìtì látorí ògiri sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ líle kì í juni padà. Ọrùn àti ẹ̀yìn ló máa gba agbára yẹn. Mo bẹ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá: ẹ bá wa wá tìmùtìmù tó nípọn, kẹ́ ẹ sì kọ́ wa. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri.