Àjogúnbá Nínú Sikuli: Bí A Ṣe Ń Fi Iṣẹ́ Tuntun Kún Ìsọ̀rí Region

Ìfáárà
Òwú tí ìyá bá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣe àlàyé bí òwe yìí ṣe bá ètò kọ̀ǹpútà mu, àti ibi tí ogún náà kì í dé.

Àwọn onímọ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé Sikuli jáde ní ọdún 2009. Irinṣẹ́ yìí ń fi àwòrán dá ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà mọ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Èdè Python, ní ẹ̀yà rẹ̀ tí ń jẹ́ Jython, ni a sábà fi ń pàṣẹ fún un.

Ìsọ̀rí àti ọmọ rẹ̀
Ìsọ̀rí ni àwòṣe tí ń sọ iṣẹ́ tí nǹkan lè ṣe. Region dúró fún apá onígun mẹ́rin kan lójú kọ̀ǹpútà. Ó lè wá àwòrán, ó sì lè kọ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ń jẹ́ máàkì. Olùkọ́ tí ó fẹ́ kọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ sínú fọ́ọ̀mù lè ṣẹ̀dá ọmọ fún un:

class ApotiMaaki(Region):
    def koMaaki(self, maaki):
        self.click(self.getCenter())
        self.type("a", Key.CTRL)
        self.type(maaki)

Ọmọ yìí jogún gbogbo iṣẹ́ Region. KoMaaki nìkan ni àfikún rẹ̀. Ó ń tẹ àárín àpótí, ó ń mú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ó sì ń fi máàkì tuntun rọ́pò wọn.

Ibi tí ogún kò dé
Bí a bá fi find wá nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, Match ni yóò dá padà; bí a bá fi right sún sí ọ̀tún, Region ni. Kò sí èyí tó mọ koMaaki nínú méjèèjì. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ sọ èsì náà di ọmọ wa:

apa = find(Pattern("nomba.png").similar(0.95)).right(80)
ApotiMaaki(apa).koMaaki("65")

Kí ni 0.95 wà fún? Bí a kò bá sọ nǹkan kan, Sikuli ń gba àwòrán tí ìjọra rẹ̀ tó 0.7. Bí nọ́ńbà tí a ń wá kò bá sí lójú kọ̀ǹpútà, ó lè mú èyí tó jọ ọ́, kí máàkì ẹnìkan sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá gbé ìwọ̀n ìjọra sókè, ó ṣeé ṣe kí ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, kí ó sì fi FindFailed dá iṣẹ́ dúró.

Ìkádìí
Àjogúnbá ń dín àtúnkọ kù, ṣùgbọ́n kò gba ojúṣe lọ́wọ́ olùkọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá kọ ọ́ tán, kí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ yẹ máàkì kọ̀ọ̀kan wò.